Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbọn afẹ́fẹ́ ṣọdẹ ẹyẹlé igbó àti ehoro ní Kent. Ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ Ìsẹ́yìn (Kent)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọdẹ ilé àti ẹ̀yin ọdẹ ìdálẹ̀. Àgbẹ̀ kan wà nítòsí Maidstone tí mo máa ń bá ká ápù nígbà ìkórè. Ó gbin réèpù, irúgbìn olódòdó yẹ́lò tí wọ́n ń fún òróró rẹ̀, sí apá kan oko rẹ̀, ẹyẹlé igbó sì ti sọ ojú oko náà di ilẹ̀ pípá. Àwọn ehoro náà kò jẹ́ kó sinmi. Wọ́n ń bó èèpo ìdí àwọn igi ápù kéékèèké jẹ yípo, igi tí wọ́n bá sì ti bó yípo báyẹn, kíkú ló máa kú. Ó ní bí mo bá lè ra ìbọn afẹ́fẹ́, kí n máa wá ní Sátidé kí n bá òun dín wọn kù.

Ọdẹ ni bàbá mi, ṣakabùlà ni wọ́n ń lò. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń rìn nínú igbó, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń wo ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ kan ìbọn afẹ́fẹ́ rí. Ṣé mo nílò láísẹ́ǹsì? Èwo ni kí n rà, èyí tó ń lo ọta oníwọ̀n mìlímítà 4.5 ni àbí ti 5.5? Báwo ni ẹran ṣe lè jìnnà tó tí n ó ṣì yìnbọn sí i? Ọmọ mi ọkùnrin sì ti pé ọdún 13, ó ń bẹ̀ mí pé òun fẹ́ tẹ̀ lé mi. Ṣé òfin gbà á?

Bàbá Ọdẹ Lincoln

Àbúrò, o káre tó o béèrè kó o tó náwó. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ òfin.

Ní England àti Wales, ìbọn afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ kò bá ju 12 ft-lb lọ (òṣùwọ̀n agbára tí ọta fi ń jáde lẹ́nu ìbọn nìyẹn) kò nílò ìwé àṣẹ. Bó bá fi díẹ̀ ju 12 lọ, ó ti bọ́ sí ìsọ̀rí àwọn ìbọn tó gba ìwé àṣẹ nìyẹn, ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ láìní ìwé ọlọ́pàá sì lè dèrò ẹ̀wọ̀n. Nítorí náà, bó o bá fẹ́ ra àlòkù, ní kí oníṣòwò ìbọn fi ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọta dán an wò lójú ẹ. O gbọ́dọ̀ ti pé 18 kó o tó lè rà á, ojúkojú sì ni ẹni tó fi ìbọn títà ṣòwò gbọ́dọ̀ ti fà á lé ọ lọ́wọ́.

Ọmọ ẹ lè bá ọ lọ. Ẹni tí kò tíì pé 14 lè yin ín tí ẹni tó ti pé 21 bá dúró tì í tó ń mójú tó o. Àmọ́ nínú ilé, òfin ní kí ìwọ tó o ni ìbọn ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí ọwọ́ ẹni tí kò tíì pé 18 má bàa tó o. Tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, kó ọta síbòmíràn, má sì jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn ẹ.

Gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àgbẹ̀ yẹn. Orúkọ ẹ, orúkọ oko, ẹran tó ní kó o pa, déètì, kó sì fọwọ́ sí i. Kó bá ọ rin ààlà oko náà yí po, torí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí ọta ẹ bá ré kọjá sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Lójú títì, inú àpò ni kí ìbọn wà, kí ọta má sí nínú rẹ̀. Èmi máa ń pe 101, nọ́ńbà ọlọ́pàá fún ohun tí kì í ṣe pàjáwìrì, kí n tó lọ, mo máa ń sọ oko tí mo wà fún ọlọ́pàá, wọ́n á sì fún mi ní nọ́ńbà. Bí aládùúgbò bá rí ọkùnrin dúdú kan tó gbé ìbọn lẹ́bàá ọgbà tó sì fi ìpayà pè wọ́n, nọ́ńbà yẹn àti ìwé olóko lo máa fi dáhùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹyẹ. Òfin Wildlife and Countryside Act ti ọdún 1981 dáàbò bo gbogbo ẹyẹ igbó. Ìwé àṣẹ gbogbogbò tí wọ́n ń pè ní GL42 ló fàyè sílẹ̀ láti pa ẹyẹlé igbó ní England nígbà tó bá ń ba irè oko jẹ́ gidigidi. Kò sí owó, kò sí fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n dandan ni kó o kà á. Irè oko ni wọ́n torí rẹ̀ gbé e jáde, kì í ṣe eré, kì í sì í ṣe ọbẹ̀. Olóko gbọ́dọ̀ ti gbìyànjú láti lé wọn: aṣọ́komásùn, káìtì, ẹ̀rọ tó ń dún gbàù. Tó o bá ti pa ẹyẹ náà tán lọ́nà tó tọ́, o lè jẹ ẹ́. Ti ehoro rọrùn: láti ọdún 1880 ni òfin Ground Game Act ti fún àgbẹ̀ tó ń lo ilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí ehoro orí ilẹ̀ rẹ̀.

Ará Aberdeen

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Scotland, ẹ má ka èsì Bàbá kẹ́ ẹ wá rò pé ó kàn yín. Láti 31 oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni ìwé àṣẹ ti di dandan níhìn-ín fún ìbọn afẹ́fẹ́, ọwọ́ ọlọ́pàá la ti ń gbà á. Àlejò náà nílò ìwé tirẹ̀. Mo mọ ará ilé kan tó gbé ti ẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò láti Newcastle wá kí wa, ọpẹ́lọpẹ́ pé a tètè sọ fún un. Ní Northern Ireland, ohun tó bá ti ju júùlù 1 lọ (òṣùwọ̀n agbára mìíràn ni júùlù, ó kéré ju ft-lb lọ) ti nílò ìwé.

Oníbọn Leeds

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Ní ti èwo ni kó rà, èmi á ní PCP, èyí tí wọ́n ń rọ afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà rẹ̀. Kì í ta ẹni léjìká rárá. Ibi tó o bá kọjú rẹ̀ sí lọta ń lọ, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ á tètè mọ̀ ọ́n lò. Mo fara mọ́ 4.5. Ọta rẹ̀ fúyẹ́, bíi grain 8 (grain ni òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọta), ó ń sáré tó ẹsẹ̀ bàtà 780 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti 5.5 wúwo tó grain 16, eré tiẹ̀ kò tó 600. Agbára kan náà ni àwọn méjèèjì ní, ṣùgbọ́n ti 4.5 ń lọ gbọọrọ, ti 5.5 sì ń tẹ̀ kọrọdọ bó bá ṣe ń jìnnà sí i. Ẹni tí kò tíì mọ bá a ṣe ń fojú díwọ̀n ọ̀nà, 5.5 á máa gba abẹ́ ẹran kọjá ni.

Bàbá Ọdẹ Lincoln

Oníbọn, òótọ́ lo sọ nípa 4.5, mo fọwọ́ sí i. Níbi PCP ni n kò ti bá ọ lọ. Ìbọn nìkan kọ́ ni èèyàn ń rà. Ó tún máa ra sílíńdà àwọn tó ń wẹ̀ lábẹ́ omi àbí páǹpù tí èèyàn á máa fà títí ẹ̀yìn á fi máa ro ó. Ìbọn onísípíríngì kan tó dáa, bíi HW95 àti HW97 tí ilé iṣẹ́ Weihrauch ń ṣe ní Jámánì, tàbí TX200 tí Air Arms ń ṣe ní Hailsham níhìn-ín, ó lè bá èèyàn dọ́jọ́ ogbó. Fà á lẹ́ẹ̀kan, fi ọta sí i, ó parí. Ó tún ń kọ́ni ní sùúrù, torí tó o bá lè fi onísípíríngì ta ohun kan, kò sí ìbọn tó máa ṣòro fún ọ.

Kí ẹni tó bá ra èyí tó ní ọ̀pá ìfà lábẹ́ rántí pé ọwọ́ òsì kò gbọdọ̀ fi ọ̀pá yẹn sílẹ̀ nígbà tí àtàǹpàkò ọ̀tún bá ń ti ọta wọ inú ihò rẹ̀. Bí sípíríngì bá yọ̀ nígbà tí ìka wà níbẹ̀, ìka máa gé. Ẹ má sì ro òróró sínú rẹ̀ láìnídìí. Òróró tó bá dé iwájú písítìnì máa ń gbaná nígbà tí ìbọn bá ró, ọta kò ní í gbọ́ràn mọ́. Ti PCP tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, òróró lásán inú afẹ́fẹ́ tí wọ́n kì le báyẹn lè bú gbàmù.

Ìyá Àdùkẹ́ (Peckham)

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ dákun, ẹyẹlé kẹ̀? Ẹyẹ tí a fi ń súre fọ́mọ tuntun? Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá di ọjọ́ ikú kó yẹrí. Inú mi kò dùn sí i.

Bàbá Ọdẹ Lincoln

Màmá, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ẹyẹlé ilé kọ́ là ń sọ. Èyí tóbi ju ẹyẹlé ilé lọ, orí igi ló ń sùn, kò bá ẹnikẹ́ni gbélé rí. Bí òrófó tí àwọn baba wa ń pa lórí igi odán ló rí. Ẹ máa rí àmì funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, àti ìlà funfun gbọọrọ lórí ìyẹ́ apá rẹ̀ nígbà tó bá fò. Ọmọ rẹ̀ kì í tíì ní ti ọrùn, ṣùgbọ́n ti apá máa wà níbẹ̀.

Kí Ọmọ Ìsẹ́yìn náà gbọ́ èyí dáadáa. Èèyàn rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní stock dove, ó kéré díẹ̀, ọrùn rẹ̀ ń dán bí ewé, ojú rẹ̀ dúdú, kò ní funfun kankan. GL42 kò kàn án, òfin ṣì ń dáàbò bò ó, àwọn méjèèjì sì jọ máa ń jẹ nínú oko kan náà. Bí o kò bá rí funfun, gbé ìka ẹ kúrò lórí tírígà. Èyí tó bá sì ní òrùka lẹ́sẹ̀, ẹyẹ olówó ni, ẹni tó ń fi í sáré ìje ń retí rẹ̀ nílé.

Ìyá Àdùkẹ́ (Peckham)

Ó ti yé mi báyìí. Ẹ ṣé. Tó bá jẹ́ tí òrófó ni, mo jẹ ẹ́ dàgbà.

Ọmọ Ìsẹ́yìn (Kent)

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ra HW95, 4.5, pẹ̀lú awò orí rẹ̀. Mo wà lẹ́yìn ilé àgbẹ̀ náà lánàá, mo gbé páálí ka iwájú òkìtì yẹ̀pẹ̀, mo gbé ìbọn lé orí tábìlì kó má bàa mì. Ìyanu ló jẹ́ fún mi pé ọta kan ń lọ sókè, èkejì ń lọ sọ́tùn-ún. Ṣé awò ni kò dáa ni?

Bàbá Ọdẹ Lincoln

Tábìlì yẹn ni. Nínú onísípíríngì, písítìnì kan tó wúwo ló ń sáré lọ síwájú láti ti afẹ́fẹ́. Ìbọn á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, á tún ta síwájú, gbogbo èyí sì ń ṣẹlẹ̀ kí ọta tó kúrò lẹ́nu ìbọn. Tó o bá gbé e lé ohun líle, á ta kúrò lórí rẹ̀. Tó o bá fún un mọ́ra pinpin, bó o ṣe fún un lónìí kọ́ lo máa fún un lọ́la, ibi tí ọta ń lọ á sì máa yí padà. La àtẹ́lẹwọ́ òsì sílẹ̀, jẹ́ kí igi ìbọn jókòó sínú rẹ̀ bí ẹyin, má fi ìka dì í. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó kan án fẹ́rẹ́, èjìká kó gbà á fẹ́rẹ́. Fa tírígà díẹ̀díẹ̀, tó bá sì ró, má gbé orí, ṣì máa wo inú awò títí wàá fi rí ihò tó lu.

Wo àwọn ìdè tó mú awò mọ́ ìbọn pẹ̀lú, torí gbígbọ̀n síwá sẹ́yìn yẹn máa ń tú wọn. Awò tí wọn kò bá ṣe fún onísípíríngì kì í pẹ́ bàjẹ́.

Ra ọta olórí róbótó oríṣi méjì mẹ́ta, kó o dán wọn wò, èyí tí ìbọn ẹ bá fẹ́ràn ni kó o rà ní púpọ̀. Olórí ṣónṣó kò wúlò fún ohun tó o fẹ́ ṣe.

Ìbéèrè ẹ nípa ọ̀nà jíjìn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tó o béèrè, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sẹ́yìn kó o lè ní ìbọn lọ́wọ́ ná. N kò lè sọ iye yáàdì fún ọ. Àwọn kan á ní 30, àwọn kan á ní 40. Gbé páálí sí yáàdì 15, jókòó sílẹ̀ bó o ṣe máa jókòó nínú oko, yin ọta márùn-ún. Bí owó 10p kan bá bo gbogbo ihò márààrùn-ún mọ́lẹ̀, sún un lọ sí 20. Ibi tí owó yẹn kò bá ti bò wọ́n mọ́, ibẹ̀ lọ́nà ẹ parí sí, ì báà jẹ́ yáàdì 18. Ẹran tó bá kọjá ibẹ̀, wò ó kó máa lọ. Ìbọn 12 ft-lb kò ní agbára ṣakabùlà bàbá ẹ tó ń da ìlẹ̀kẹ̀ irin sára ẹran. Ọta kan ṣoṣo tó kéré ju kóró ọsàn lọ ni, bí kò bá bà á síbi tó ń pa á lójú ẹsẹ̀, ńṣe lo dá ẹ̀dá Ọlọ́run lóró.

Oníbọn Leeds

Bàbá ti sọ ọ́ tán. Kí n fi ibi tó yẹ kó bà kún un. Ehoro: orí nìkan, láàárín ojú àti ìdí etí. Ẹyẹlé igbó: orí tàbí ọrùn, àbí kó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ níbi tí apá ti so mọ́ ara. Má ta á láyà láti iwájú. Àpò oúnjẹ ọrùn rẹ̀ máa ń kún fún àlìkámà tàbí ewé réèpù, ìyẹ́ àyà rẹ̀ sì ki, ọta lè há sínú oúnjẹ yẹn kí ẹyẹ náà fò lọ kú sínú igbó.

Ọ̀kẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú náà wà níbẹ̀ dájú. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó wọn wá, òfin kò dá wọn sí. Ọ̀kẹ́rẹ́ pupa ni èèyàn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Ọmọ Ìsẹ́yìn (Kent)

Mo ti dé yáàdì 22 pẹ̀lú owó 10p. Ìṣòro mi ni pé àwọn ẹyẹ náà kì í jẹ́ kí n sún mọ́ wọn tó yẹn. Bí mo bá yọ lẹ́nu ọ̀nà oko báyìí, gbogbo wọn ti lọ.

Bàbá Ọdẹ Lincoln

Má lọ bá wọn. Kí wọ́n wá bá ọ.

Rin létí igbó lọ́sàn-án láìgbé ìbọn, máa wo ilẹ̀. Igi tí ìgbẹ́ funfun àti ìyẹ́ bá pọ̀ nídìí rẹ̀ ni wọ́n ń bà lé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sínú réèpù, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń padà sí tí wọ́n bá yó. Nígbà òtútù, wo igi tí ìtàkùn ivy bò, torí wọ́n fẹ́ràn èso rẹ̀. Jókòó sábẹ́ igi kejì, kì í ṣe ìyẹn gan-an, nǹkan bíi yáàdì 15 sí i. Fi nẹ́ẹ̀tì bo ara, bo ojú àti ọwọ́, torí ọwọ́ tó ń rìn ni wọ́n ń kọ́kọ́ rí. Dé ibẹ̀ ní wákàtí kan ààbọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kó o sì pa fóònù. Ẹnu òrófó ní í pa òrófó. Jẹ́ kí tiwọn máa dún, kí tìrẹ dákẹ́. Kò séwu bó o bá yan ọjọ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́, ariwo ewé á bo ìró ìfàbọn.

Èyí tó ń fò, má yìnbọn sí i láéláé, kì í ṣe iṣẹ́ ìbọn yìí. Tó o bá sì ń wo òkè, rí i pé ìtì igi tàbí ẹ̀ka ńlá wà lẹ́yìn ẹyẹ náà. Ọta tó bá gba ojú ọ̀run kọjá lè rìn ju yáàdì 300 lọ, o kò sì mọ orí ẹni tó máa sọ̀ sí.

Ti ehoro, ìrọ̀lẹ́ ni, kó o dojú kọ atẹ́gùn, kó o dojú bolẹ̀ lẹ́bàá ọgbà. Tó bá jáde tó ń jẹko, fi ẹnu súfèé díẹ̀, á dìde jókòó láti gbọ́. Ìgbà yẹn ni.

Ọmọ Ọ̀yọ́ Aláàfin (Ọ̀yọ́)

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo ń ka gbogbo rẹ̀ láti ilé. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní London ní òun á fi ìbọn afẹ́fẹ́ kan sínú ẹrù tó ń bọ̀, kí n fi máa lé ẹyẹ nínú oko ìrẹsì mi. Ṣé kò sí wàhálà?

Ará Aberdeen

Wàhálà ńlá wà níbẹ̀. Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ kó dá ọwọ́ dúró. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ ìbọn àdáni, ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú ìbọn ọdẹ ti òyìnbó, ìwé àṣẹ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ló nílò. Pé kò nílò ìwé ní London kò sọ ọ́ di ohun tó bófin mu l'Ọ́yọ̀ọ́. Tí wọ́n bá rí i nínú ẹrù ní ẹnu ibodè, ìbọn tí wọ́n kó wọ̀lú láìgbàṣẹ ni wọ́n máa pè é. Ìwọ tí orúkọ ẹ wà lára ẹrù ni wọ́n máa wá.

Ọmọ Ọ̀yọ́ Aláàfin (Ọ̀yọ́)

Háà! Ẹ ṣeun. Mo ti pè é. Àwọ̀n ni n ó fi bo ìrẹsì náà.

Ìyá Àdùkẹ́ (Peckham)

Kò sẹ́ni tó sọ nípa sísè. Kí n sọ ti mi. Ehoro, bó bá ti kú báyìí, kí ọdẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ kí ìtọ̀ jáde, kó má bàa ba ẹran jẹ́. Kó yọ ìfun rẹ̀ níbẹ̀ nínú oko, kó sì wo ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ tó pupa tó ń dán ló dáa. Bí ó bá ní kókó funfun, ẹ sọ ọ́ nù. Èyí tí ojú rẹ̀ wú tí ikun ń jáde nínú rẹ̀, àrùn myxomatosis ni, ó ti wà ní Kent níbẹ̀ yẹn láti ọdún 1953. Ẹ má gbé e délé.

Ẹyẹlé igbó, àyà rẹ̀ lẹran wà. Ẹ wá ọta jáde kẹ́ ẹ tó sè é. Èmi máa ń fi àlùbọ́sà, taimù, ata gbígbẹ àti iyọ̀ bọ̀ ọ́ lórí iná kékeré títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, n ó wá dín in fẹ́rẹ́ kí n tó dà á sínú ata díndín. Ó le díẹ̀ ju adìyẹ lọ, ẹ má kánjú. Ti ehoro, efinrin ló bá a mu jù.

Ọmọ Ìsẹ́yìn (Kent)

Màmá, ẹ kú oríire ọwọ́. Ehoro méjì àti ẹyẹlé igbó kan ni mo gbé wálé ní Sátidé, ọmọ mi ló mú awò ìwòran lọ́wọ́, òun ló ń ka ọ̀nà fún mi. Ìbéèrè kan ló kù. Ọgbà aládùúgbò kò jìnnà sí igi tí mo ń jókòó sí. Bí ẹyẹ tí mo bà bá lọ jábọ́ sí ìhà ọ̀hún, ṣé mo lè fo ọgbà lọ mú un?

Bàbá Ọdẹ Lincoln

Rárá o. Tó o bá gbé ìbọn wọ ilẹ̀ ẹni tí kò fún ọ láàyè, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ì báà jẹ́ pé ọta kò sí nínú rẹ̀. Láìgbé ìbọn pàápàá, ilẹ̀ ẹlòmíràn ni. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì lè fi ẹyẹ tó fara gbọgbẹ́ sílẹ̀ kó máa jẹ̀rora síbẹ̀. Jókòó síbi tí ọgbà yẹn á fi wà lẹ́yìn ẹ, kí ẹyẹ tó bá jábọ́ máa jábọ́ sínú oko tìẹ. Lẹ́yìn náà, ní kí olóko mú ọ lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò náà ní ọ̀sán, kí o mú ìwé ìyọ̀ǹda ẹ dání, kí ọmọ ẹ wà pẹ̀lú ẹ. Bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó o máa wọlé mú ẹyẹ láìgbé ìbọn, gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kó o sì pè é kó o tó jókòó ní Sátidé tó ń bọ̀.